Bí Ọjà Bá Ń Gòkè, Ta Ni Yóò Fa Owó Ìfẹ̀yìntì Sókè?

Nínú ilé tí a ti tọ́ mi dàgbà, owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Olùkọ́ ni wọ́n. Ọdún 35 ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa nínú ilé ni a sì mọ iye tó ń wọlé fún wọn lóṣooṣù. Ohun tí a kì í mọ̀ ni iye ohun tí owó náà yóò lè rà ní oṣù tó ń bọ̀. Iye tí a kọ sórí ìwé kò yí padà fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ń gbé e lọ kò dúró sójú kan rí. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ó kan ètò ìṣúná ìjọba, ó kan àwọn òbí wa, bí a bá sì pẹ́ láyé, yóò kan àwa náà.

Kí ni síso owó mọ́ ọjà?

Àwọn tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba máa ń di apẹ̀rẹ̀ kan lórí ìwé. Wọ́n á kó oúnjẹ, owó ilé, owó ọkọ̀, oògùn, aṣọ àti owó ilé-ìwé sínú rẹ̀, ní ìwọ̀n tí àwọn ìdílé ń lò wọ́n. Wọ́n á wo iye tí a fi ra apẹ̀rẹ̀ náà lọ́dún tó kọjá, wọ́n á sì wo iye tí a fi ń rà á lónìí. Bí ohun tí a fi 10,000 náírà rà bá ti di 12,000 náírà, a jẹ́ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ọdún náà jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Síso owó mọ́ ọjà ni pé kí òfin ti sọ ọ́ ṣáájú pé, bí apẹ̀rẹ̀ yìí bá fi ìdá 20 gbówó lórí, kí owó ìfẹ̀yìntì, tàbí owó oṣù, tàbí owó ìrànlọ́wọ́ náà fi ìdá 20 gòkè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ bẹ aṣòfin, láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé etí ọ̀sà rí yóò mọ ohun tí mo ń wí. Bí omi bá kún, ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀ a bá a gòkè. Igi tí a rì mọ́lẹ̀ ni omi máa ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ẹnì kan ń gba 50,000 náírà owó ìfẹ̀yìntì lóṣù, tí ọjà sì ń fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 50,000 náírà ni yóò ṣì máa gbà, ṣùgbọ́n ohun tí owó náà yóò lè rà kò ní ju ohun tí nǹkan bí 20,100 náírà lè rà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbà á. Kò sí ẹni tó jí owó rẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé kí a dín in kù. Síbẹ̀, ó ju ìlàjì owó náà lọ tó ti lọ.

Ohun tí òfin Nàìjíríà wí

Àwọn tó kọ òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Abala 173 sọ fún ìjọba àpapọ̀, abala 210 sì sọ fún àwọn ìpínlẹ̀, pé kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣe àtúnyẹ̀wò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Ó dára. Ṣùgbọ́n àtúnyẹ̀wò kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú síso. Àwọn abala yìí kò sọ pé iye tí a óò fi kún un gbọ́dọ̀ bá ọjà dọ́gba, ọdún márùn-ún sì gùn púpọ̀ lójú ẹni tó ń ra oògùn lóṣooṣù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó oṣù tó kéré jù lọ. 18,000 náírà ni ní ọdún 2011. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí ó tó di 30,000 náírà ní 2019. Ọdún márùn-ún mìíràn kọjá kí ó tó di 70,000 náírà ní 2024. Òfin ọdún 2024 ti wá dín àkókò àtúnyẹ̀wò kù láti ọdún márùn-ún sí ọdún mẹ́ta, ìyẹn sì jẹ́ ìtẹ̀síwájú.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ìṣúná ìjọba. Nígbà tí owó kò bá so mọ́ ọjà, kò túmọ̀ sí pé ìjọba kò ní san án. Ó túmọ̀ sí pé yóò san án lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọdún mélòó kan, owó oṣù yóò dúró sójú kan, gómìnà yóò sì rò pé òun ní àyè láti ná owó lórí nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, iye náà yóò fò láti 30,000 sí 70,000, ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ, àwọn ìpínlẹ̀ tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan yóò sì kígbe pé àwọn kò lè san án. Ẹni tó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ kì í mí hẹlẹ bí ẹni tó dúró sí ìsàlẹ̀ títí, tó wá fẹ́ fò dé orí òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìṣúná náà fúnra rẹ̀ lè tan wá jẹ. Ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ fún ọdún 2023 jẹ́ tírílíọ̀nù 21.83 náírà. Ti ọdún 2025 jẹ́ tírílíọ̀nù 54.99 náírà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lásán yóò rò pé ìjọba ti lágbára ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣùgbọ́n ètò ti 2023 gbé e lé orí pé dọ́là kan yóò jẹ́ 435.57 náírà, ti 2025 sì gbé e lé orí 1,500 náírà. Bí a bá fi àwọn iye yìí pín in, ti 2023 jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 50 dọ́là, ti 2025 kò sì pé bílíọ̀nù 37. Owó náà wú, agbára rẹ̀ sì rù. Ilé-ìwòsàn tó ń ra ẹ̀rọ láti òkè òkun mọ èyí dáadáa.

Ìdè mẹ́ta tó wà ní Ìlú Ọba

Ní Ìlú Ọba, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ìjọba tó gorí àléfà ní ọdún 2010 ṣe ìlérí kan tí a lè pè ní ìdè mẹ́ta: lọ́dọọdún, owó ìfẹ̀yìntì ìjọba yóò fi èyí tó bá ga jù nínú nǹkan mẹ́ta gòkè, ìyẹn ọ̀wọ́ngógó ọjà, tàbí bí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ṣe gòkè sí, tàbí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọjà gbóná ní 2022, tí ìṣirò oṣù Kẹsàn-án sì jẹ́ ìdá 10.1, owó ìfẹ̀yìntì tuntun tó pé kúrò ní pọ́n-ún 185.15 lọ́sẹ̀, ó di 203.85 ní oṣù Kẹrin ọdún 2023. Ní 2024 ó di 221.20, ní 2025 ó di 230.25. Kò sí arúgbó kan tó ní láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rin ìwọ́de kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń san án. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àjọ OBR, tó ń ṣọ́ ìṣúná ìjọba ilẹ̀ náà, sọ pé nígbà tó bá fi máa di ọdún 2030, ìdè mẹ́ta yìí yóò ti máa ná ìjọba ní bílíọ̀nù 15.5 pọ́n-ún lọ́dọọdún ju iye tí ì bá ná an lọ bó bá jẹ́ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n so owó náà mọ́, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a rò nígbà tí a dá a sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé èyí tó ga jù ni a máa ń mú. Lọ́dún tí ọjà bá ga, owó náà á bá ọjà lọ. Lọ́dún tí owó oṣù bá ga, á bá owó oṣù lọ. Kò sì sí ọdún tí yóò padà sẹ́yìn.

Gbèsè ìjọba náà wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1981 ni Ìlú Ọba ti ń yá owó lọ́nà kan tí èlé àti ojú owó rẹ̀ so mọ́ ọjà, irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo gbèsè ilẹ̀ náà. Ó rọrùn láti san nígbà tí ọjà bá tutù. Nígbà tí ọ̀wọ́ngógó dé ìdá 11.1 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, èlé tí ìjọba ń san fò sókè lójijì, láìjẹ́ pé wọ́n fi owó náà kọ́ ilé-ìwé kan tàbí ṣe títì kan.

Ìjọba kan náà sì mọ bí a ṣe ń jàǹfààní nínú ohun tí a kò so. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2021, pọ́n-ún 12,570 ni iye tí òṣìṣẹ́ lè gbà lọ́dún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí, wọn kò sì gbé iye náà kúrò níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹnì kan tó ń gba 20,000 pọ́n-ún. Owó orí rẹ̀ jẹ́ 1,486. Bí wọ́n bá fi ìdá 10 kún owó rẹ̀ nítorí pé ọjà gòkè, yóò máa gba 22,000, owó orí rẹ̀ yóò sì di 1,886. Owó rẹ̀ fi ìdá 10 gòkè. Owó orí rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 27 gòkè. Ìjọba kò kéde owó orí tuntun kankan. Dídúró ni wọ́n dúró jẹ́ẹ́.

Àwọn tó padà wálé

Apá yìí ló kan àwọn ìdílé Yorùbá jù. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa ló ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń san owó sí àpò ìfẹ̀yìntì ìjọba lóṣooṣù, tí ọkàn wọn sì wà ní ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí òfin Ìlú Ọba wí ni pé, ẹni tó bá lọ gbé ní orílẹ̀-èdè tí kò ní àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú wọn, owó rẹ̀ yóò dúró sí iye tó wà lọ́jọ́ tó lọ. Nàìjíríà wà lára irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. Kánádà àti Gúúsù Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà àti Jàmáíkà kò sí níbẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìfẹ̀yìntì tuntun ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2016 gba pọ́n-ún 155.65 lọ́sẹ̀. Bó bá kó wá sí Ìbàdàn lọ́dún náà, 155.65 ni ó ṣì ń gbà. Ẹnìkejì rẹ̀ tó dúró sí Peckham ń gba 230.25 ní 2025. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ pọ́n-ún 74.60 lọ́sẹ̀, ìyẹn 3,879.20 fún ọ̀sẹ̀ 52. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, iye kan náà ni wọ́n san. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn káàkiri ayé lé ní 400,000. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, ilé-ẹjọ́ náà sì dá ìjọba láre ní ọdún 2010. Ìdí tí ìjọba ń sọ kò ju pé owó náà pọ̀ lọ. Nítorí náà, bí òbí yín bá wà ní òkè òkun tí wọ́n sì ń palẹ̀ mọ́ láti padà, ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó ta ilé. N kò sọ pé kí wọ́n má wálé. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ojú tó mọ́ wálé.

Ìkìlọ̀ tó ti Bùràsíìlì wá

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò so ohun gbogbo mọ́ ọjà? Bùràsíìlì ti ṣe é rí. Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í so gbèsè ìjọba mọ́ ọ̀wọ́ngógó, nígbà tó yá, owó ilé, owó oṣù àti àdéhùn okòwò tẹ̀ lé e. Gbogbo ènìyàn rò pé àwọn ti bọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá gòkè lónìí, owó oṣù á gòkè lọ́la. Bí owó oṣù bá gòkè, ọlọ́jà á tún fi kún ọjà rẹ̀. Ọ̀wọ́ngógó àná di ìyá ọ̀wọ́ngógó òní. Ní ọdún 1993, ó ju ìdá 2,000 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìgbà tí wọ́n gbé owó tuntun tó ń jẹ́ real jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1994 ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tù wọ́n.

Wọn kò tú gbogbo okùn náà. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1988 kò jẹ́ kí owó ìfẹ̀yìntì kankan kéré sí owó oṣù tó kéré jù lọ, owó oṣù yẹn sì ń bá ọjà gòkè, pẹ̀lú àfikún díẹ̀ tó bá ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé mu. Nígbà tó kúrò ní 1,412 real ní 2024 tó di 1,518 ní 2025, owó ìfẹ̀yìntì ọ̀kẹ́ àìmọye arúgbó ló bá a gòkè lọ́jọ́ kan náà. Ìṣúná kò lè gbé e títí láé, nítorí náà ní ìparí 2024 wọ́n ṣe òfin pé àfikún tó bá kọjá ti ọ̀wọ́ngógó kò gbọdọ̀ ju ìdá 2.5 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín sí 0.6. Wọ́n so okùn náà, wọ́n sì díwọ̀n bí ó ṣe lè gùn tó.

Ìjọba kékeré tó wà nínú ilé

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ni ìjọba fún òbí yín. Ẹ̀yin lẹ ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ṣé iye tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ní 2019 ni ẹ ṣì ń fi ránṣẹ́?

Ní ilé wa, èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àbúrò mi ọkùnrin máa ń ṣe ohun kan ní oṣù kìíní ọdún. A ní ohun mẹ́sàn-án tí a máa ń béèrè iye rẹ̀: ìrẹsì, ẹ̀wà, epo pupa, gáàsì ìdáná, owó iná, ọṣẹ, owó ọkọ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn, káàdì ìpè, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìyá wa ń lò. Iye tí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá fi gòkè ni a fi ń kún owó tí a ń fi ránṣẹ́. Ó rọrùn títí di 2024, nígbà tí oògùn náà nìkan ju ìlọ́po méjì lọ. Owó ẹ̀gbọ́n mi gòkè lọ́dún náà. Tèmi gòkè díẹ̀. Ti àbúrò mi, tó ní ibi iṣẹ́ aṣọ rírán, kò gòkè rárá, ọmọ méjì tó wà ní ilé-ìwé sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tí bàbá wa gbọ́ pé a ń jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n pè wá. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ba ti ilé yín jẹ́ nítorí tiwa. Ẹ ra oògùn ìyá yín. Ti ìrẹsì, a ó jẹ gààrí." Kò sí ẹni tó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ kí a ṣe òfin: oògùn ni yóò kọ́kọ́ bá ọjà gòkè, láìka ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀, ìyókù yóò gòkè, ṣùgbọ́n ìpín ẹnikẹ́ni kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tó ń wọlé fún un, ẹni tó bá sì gòkè lọ́dún yẹn ni yóò ran ẹni tí kò gòkè lọ́wọ́. Ìṣòro tí àwọn mínísítà ètò ìṣúná ń bá jà ni a fi àpótí kékeré yanjú yẹn.

Ohun tó yẹ kí a máa béèrè

Ní tèmi, mo gbà pé ó yẹ kí owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà so mọ́ ọjà lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, nítorí pé arúgbó kò lè padà lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Mo gbà pẹ̀lú pé ó yẹ kí òfin fi gbèdéke sí i fún ọdún tí owó kò bá wọlé fún ìjọba, kí gbèdéke náà sì wà ní gbangba, kí ó má jẹ́ ìpinnu tí ẹnì kan ṣe nínú yàrá. Kò yẹ kí a so ohun gbogbo, kí a má bàa jogún wàhálà Bùràsíìlì.

Ó sì yẹ kí a mọ ẹni tó ń ka apẹ̀rẹ̀ náà. Ìṣirò àjọ NBS fún oṣù Kejìlá ọdún 2024 jẹ́ ìdá 34.80. Ti oṣù kìíní ọdún 2025 jẹ́ ìdá 24.48. Kì í ṣe pé ọjà fi ìdá mẹ́wàá sọ̀kalẹ̀ lóṣù kan. Wọ́n tún apẹ̀rẹ̀ náà dì ni, wọ́n gbé ọdún ìpìlẹ̀ rẹ̀ kúrò ní 2009 sí 2024. Ó yẹ kí wọ́n tún un dì, nítorí pé ohun tí a ń rà ti yí padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó bàbá mi so mọ́ ọn ni, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ì bá kàn wọ́n lápò.

Ẹ wo ti àwa ọ̀dọ́ náà. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026 sọ pé a kì í san owó orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ tó bá wọlé lọ́dún. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí iye náà bá dúró síbẹ̀, tí ọjà sì ń fi ìdá 20 gòkè, ní ọdún márùn-ún 800,000 yẹn yóò dà bí nǹkan bí 321,500 ti òní, àwọn tálákà tí òfin náà fẹ́ dá sí yóò sì ti padà sínú àwọn tó ń san án. Bákan náà, àwọn tó wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì alájọdá, níbi tí òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8, tí agbanisíṣẹ́ sì ń dá ìdá 10, kò ní ìlérí ọjà kankan. Èrè tí owó náà bá pa níbi tí a fi í sí ni yóò sọ bóyá yóò bá ọjà dọ́gba.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gba iṣẹ́ tuntun, bí ẹ bá ń fọwọ́ sí ìwé ilé ọlọ́dún mẹ́ta, bí olùdíje kan bá sì wá ṣe ìlérí iye kan fún àwọn òbí yín, ẹ má ṣe béèrè iye náà nìkan. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n so ó mọ́, ẹ sì bi wọ́n ní ọdún tí wọn yóò tún un wò.